Apanirun Tó Ń Jẹ́ Rémi

Wọ́n fẹ́ fi orúkọ Rémi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Odile, sọ ọkọ̀ ogun tuntun tí wọ́n kàn nílùú wa, Bath, ní ìpínlẹ̀ Maine. Olùtọ́jú aláìsàn ni Rémi láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ó gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jáde nínú iná kí iná náà tó pa òun fúnra rẹ̀. Apanirun ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà, èyí sì bí ẹ̀gbọ́n mi nínú.

"Ọmọ tí kò lè pa eèrà ni wọ́n wá sọ di apanirun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ nìyẹn. Rémi ni yóò máa jẹ́."

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ní í fọ́ ìgò wáìnì mọ́ imú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì yàn. Bí ìgò bá kọ̀ tí kò fọ́, ọkàn àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ náà kò ní balẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fọ́ ìgò omi mọ́ igi ápù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú igi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ọmọ ogun tò nínú aṣọ funfun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò sókè, ó rí orúkọ Rémi gàdàgbà lára aṣọ tí wọ́n ta sí imú ọkọ̀, ó sì gbé ìgò wálẹ̀.

"Armand, mi ò na ọmọ yìí rí."

Ọ̀gá ọkọ̀ náà, obìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ Rémi, sún mọ́ wa. "Màmá, ẹlòmíì lè bá yín fọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi mirí, kò sì fi ìgò sílẹ̀. Mo wo ojú àwọn ọmọ tó wọ funfun wọ̀nyẹn, àánú wọn ṣe mí, àánú ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe mí jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ bí Rémi, ṣé ó ké?"

"Kò ké. Ó kàn dákẹ́ ni, àfìgbà tí agbẹ̀bí gbá a nídìí."

"Ṣé agbẹ̀bí kórìíra rẹ̀ ni?"

Ó tún gbé ìgò sókè. "Ẹnu ẹ yìí mú ju abẹ lọ."

Ló bá gbá ọkọ̀ náà. Ìgò fọ́ yángá, wáìnì rin gbogbo wa, ọkọ̀ sì fun fèrè rẹ̀ tí gbogbo odò fi gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Armand, ṣé o gbọ́? Ó ti ké."