Àìsàn Tí Malachy Fi Wá Orúkọ Sẹ́nu Géètì

Ní abúlé Cloonbrack tiwa ní Ireland, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kan re lọ́jọ́ kan lè jẹun lórí ẹ̀ fún ogójì ọdún, bí kò bá ṣá ti nítìjú. Malachy Travers ò sì nítìjú rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni lọ́jọ́ tí a bá Drumeela du ife ìpínlẹ̀ Leitrim. Ó ku ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ló bá fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù gba orí ọ̀pá kọjá. Nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, èyí tó gba orí ọ̀pá kọjá náà ní àmì. Àmì kan péré, ife di tiwa. Mi ò jiyàn. Mo wà níbẹ̀, mo ké títí ohùn mi fi há. Àmọ́ àfi bíi pé ẹsẹ̀ yẹn gbá làákàyè rẹ̀ náà lọ. Wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òtútù ibẹ̀ pọ̀. Kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìtàn nìkan ló kù tó ń gbá. Ní ilé ọtí, yóò to ife ọtí dúdú kalẹ̀ bí àwọn tó ń dí ẹ̀yìn fún Drumeela, yóò wá nawọ́ sí èyí tó kún jù: "Èmi rèé." Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni méjì ló gbá kọjá. Nígbà tó di ogún ọdún, wọ́n ti di méje, òjò sì ti ń rọ̀.

Teasie McTague ló ń fọ jẹ́sì wa. Ogójì ọdún, gbogbo ọjọ́ Ajé, jẹ́sì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹrẹ̀ inú wọn tó gbin ọ̀dùnkún. Malachy kì í fi tiẹ̀ lé e lọ́wọ́, ṣe ló máa ń jù ú. "Teasie, gbà! Òógùn akọni nìyẹn!" Nígbà tí Teasie kú, gbogbo wa la pín pósí rẹ̀ gbé léjìká dé itẹ́ òkú. Malachy wà nílé ọtí, ó ń to ife.

Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, a ra géètì tuntun sẹ́nu pápá, ó sì ku orúkọ pápá tí a ó kọ sí i. Malachy gbọ́, ló bá gba ilé Eugene Shanley lọ. Eugene ló ṣọ́lé fún wa lọ́jọ́ ife yẹn, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa báyìí.

"Eugene, orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"A kì í fi orúkọ alààyè pe pápá, Malachy, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ kú ná."

Eugene ṣàwàdà. Malachy gbà á nímọ̀ràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó dùbúlẹ̀, ó ní ọkàn òun ni. Dókítà ò sọ nǹkan kan, òun ló ń sọ ọ́. A sì ṣe bí a ṣe ń ṣe fún aláìsàn: ẹnìkan bá a kó koríko màlúù rẹ̀, àwọn kan gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísè wá, ìyàwó mi yan búrẹ́dì rìbìtì, mo gbé e lọ. Malachy sọ fún mi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun òun, èérún sì kún irùngbọ̀n rẹ̀. Adìẹ ń gbé òkúta mì, ó ní òun ò léyín.

Àánú ṣe àwọn ìgbìmọ̀ ṣá. Nínú àwa mọ́kànlá, mẹ́fà ti ní kí á kọ orúkọ rẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn kó tó lọ. Eugene ò bá wọn jà. Ó kàn ní kí á lọ dìbò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó jẹ́ àpọ́nlé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Mísà.

A yí ibùsùn ká. Malachy ń mí gúlegúle.

"Ẹ má dara yín láàmú nítorí mi," ó ní. "Lẹ́tà gàdàgbà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́."

Eugene ṣí ìwé. "Nǹkan díẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lo fi gbá a, àbí?"

"Òsì."

"Òsì. O sì wà nítòsí ọ̀pá, bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ìyá mi àgbà á gbá a wọlé."

"Ogójì ìgbésẹ̀!" Ohùn aláìsàn ti ń ki.

"Drumeela ní ọwọ́ aṣọ́lé àwọn ló tì í kọjá. Wọ́n ní àmì aṣọ́lé ni, kì í ṣe tìẹ."

Mo rí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fò. Malachy ti dúró lórí ilẹ̀, tòun ti ṣòkòtò àwọ̀sùn. Ó já búrẹ́dì mi gbà lórí tábìlì, ó jù ú sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì, gbàà! Búrẹ́dì gba orí kọ́bọ́ọ̀dù kọjá, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Ta ló fọwọ́ kàn án? Ta ni?"

Concepta, ìyàwó rẹ̀, gbé ìkòkò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Malachy," ó ní, "ọkàn ẹ ńkọ́?"

Eugene pa ìwé dé. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni yìí ò tíì kú o. Ta ló kú nínú wa tó ṣiṣẹ́ pápá yẹn?"

Ọwọ́ mọ́kànlá ló gòkè fún Teasie McTague, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà gan-an, Malachy sì ń wò wá láti orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ní báyìí, ó ń sọ fún àlejò nílé ọtí pé òun lòun mú orúkọ Teasie wá. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Concepta ní òun ò ní yọ ọ́. Akọni tó gbá a síbẹ̀ ni kó lọ gbé e.