Ẹ Bá Mi Kí Kamorat

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, kí fóònù tó kárí ayé, báyìí ni àwa Yorùbá tó wà ní Monrovia ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ sílé. A ó tẹ rẹ́kọ́dà, a ó dárúkọ ibi tí a wà àti ọjọ́ tó jẹ́, nítorí kásẹ́ẹ̀tì lè pẹ́ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, ìbáà ṣe àlejò, gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀, kó sì kí ará ilé. Ẹni tí kò bá kí wọn, ó ń bá wọn yodì nìyẹn.

Fóònù dé, n kò yí ìṣe mi padà. Jàmíù ọmọ ọmọ mi a tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀, a gbé e lé mi lọ́wọ́: "Màámà, ẹ máa sọ̀rọ̀." Èmi a sì máa bá Kamorat àbúrò mi tó wà ní Ọ̀fà sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro mí.

Lọ́dún yìí, ìrẹsì wọ́n títí ó fi di ohun àfojúwò. Àyà mi ń já, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun nílùú yìí, ìrẹsì yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ. Ìyá Ọláyíwọlá, aládùúgbò wa, wá ọmọ rẹ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un: "A ò rí i." Wọn ò rí Ọláyíwọlá títí dòní.

Jàmíù ò fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ògiri ilé ìkẹ́rùsí mínísítà kan, wọ́n ya fídíò àpò ìrẹsì tó ga kan àjà, wọ́n jù ú sórí Fesibúùkù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kárí ìlú.

"Jàmíù, wọ́n á wá ọ wá o!"

"Màámà, mélòó ni wọ́n fẹ́ mú? Ṣebí gbogbo ìlú ló rí i."

Wọ́n wá lóòótọ́. Ọ̀sán gangan ni, mo ń ká aṣọ lápà tí mo ń tà ní ìsọ̀ mi ní ọjà Red Light, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ onífìlà pupa tí mínísítà náà kó jọ fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n gbá Jàmíù tó jókòó tì mí mú. Ó sáré tẹ fóònù, ó jù ú sí mi lọ́wọ́: "Màámà, ẹ máa sọ̀rọ̀!"

Kí ni mo mọ̀? Bó ṣe máa ń wí náà nìyẹn. Mo gbé fóònù sókè.

"Kamorat, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Red Light la wà, òní Ọjọ́bọ̀ ni, oòrùn sì mú. Wọ́n ti mú Jàmíù o! Àwọn tó mú un rèé níwájú mi. Jẹ́ kí wọ́n kí ọ."

Mo na fóònù sí ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó sanra bí àpò àlùbọ́sà. Mo fi òyìnbó Liberia sọ fún un pé, "Ọmọ mi, kí àbúrò mi. Sọ orúkọ rẹ fún un."

Ó wò mí, ó wo fóònù. Ta ló tọ́ ọ tí yóò fi kọ̀ fún ìyá arúgbó? Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ma. Sájẹ́ńtì Varney ni."

Mo bi í pé, "Níbo lẹ ń gbé ọmọ mi lọ?"

"Ilé iṣẹ́ yìnyín àtijọ́ ni, Ol' Ma, lẹ́yìn ọjà Duala. A kàn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni."

"Kamorat, o gbọ́? Ilé yìnyín àtijọ́, lẹ́yìn Duala."

Husnah tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló figbe ta. "Ìyá! Láìfù ni! Ẹ wà lórí láìfù! Gbogbo Monrovia ló ń gbọ́ yín!"

Fóònù àpò Varney bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ojú rẹ̀ rọ bí ẹ̀kọ tútù. Ó wọ́ Jàmíù sínú ọkọ̀, wọ́n sá lọ.

Kò pẹ́, mínísítà sọ̀rọ̀ lórí rédíò: àwọn ò mú ẹnikẹ́ni.

Husnah bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá ni Varney tó kí Kamorat? Iwin ni?"

Àwòrán ọkàn pupa-pupa ń fò lójú fóònù bí èsunsun tí òjò lé jáde. Àwọn èèyàn ń kọ orúkọ Varney, wọ́n ń kọ ilé yìnyín. Sàlàkọ́ oníkẹ̀kẹ́ já sí ìsọ̀ mi: "Màámà, ẹ gun kẹ̀kẹ́, ó yá!"

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Láti Red Light dé Duala, ọ̀nà kún fọ́fọ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Benson Street ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń bọ̀. Fóònù ló wà lókè, kì í ṣe òkúta. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń ro mí, n kò mọ̀ bóyá mo ní in.

A dé ẹnu géètì ilé yìnyín. "Varney! Varney! Jáde wá kí Ìyá!" Ohùn yẹn ń mi géètì. Mo ń rántí ìyá Ọláyíwọlá tó dá dúró lẹ́nu géètì àgọ́ ọlọ́pàá, òun nìkan ṣoṣo.

Géètì ṣí. Jàmíù jáde, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti mú.

Mo dì mọ́ ọn. "Ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Wọn ò ráyè, Màámà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò nínú fóònù."

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa pé mínísítà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìlú hó yèè! Wọ́n ní ọ̀la, ọ̀dọ̀ àwọn tó bá a kó ìrẹsì pamọ́ ló kàn.

Èmi gbé fóònù sókè. "Jàmíù, ṣe ohun tó yẹ."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ọ̀fà. Èmi Jàmíù ni. Mo ti dé."

Mo yí fóònù sí gbogbo ayé tó dúró síbẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ bá mi kí Kamorat!"

Wọ́n kí i. Bóyá ó tilẹ̀ gbọ́ ọ ní Ọ̀fà láìlo fóònù.