Ìlà Kan Ṣoṣo

Haewon tún tẹ bọ́tìnnì, àmọ́ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọlé. Áàpù ìkọ̀wé tó há yìí, Haewon fúnra rẹ̀ ló ṣe é, òun ló sì fi ń yangàn káàkiri Seoul. Inú rẹ̀ ni ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ láti ọdún méjì wà, kò sì ṣeé ṣí mọ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rèé o," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń to ọsàn sínú páálí. "Bàbá ẹ ò jẹun láti àná."

"Mo jẹun," ni bàbá dáhùn láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. Kò wo ọmọ rẹ̀.

Ìyá ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi wá sílé wọn ní erékùṣù Jeju. Nígbà ọdún ìkórè Chuseok, lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ti di ẹrù tán nígbà tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wọlé sórí fóònù: *Má wá sílé.* Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó gbà pé torí òun kọ oko ọsàn sílẹ̀ ni. Ó fèsì pé *Mo ti gbọ́*, ó tú ẹrù, ó sunkún, kò sì wálé mọ́.

"Mi ò ní kà á, Bàámi. Ibi tó ti ń há nìkan ni màá wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó gé e sí méjì. Ìdajì náà há. Ó tún ìdajì náà gé sí méjì. Ìyẹn ṣí, àmọ́ bí ìgbín ló ń rìn. Ìwé náà ò mà kúkú tóbi! Ó wá ní kí ẹ̀rọ ka iye ìlà inú rẹ̀.

Ọ̀kan.

Ó tún un kà. Ọ̀kan náà ni. Áàpù rẹ̀ kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan hàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọn gígùn ìlà tó wà láti orí dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ìlà kúkúrú làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Seoul máa ń kọ. Ẹ̀bi òun ni, ó sì dùn ún díẹ̀.

"Bàámi, ẹ ò tiẹ̀ tẹ Ẹ́ńtà lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ bọ́ sí ìlà tuntun?"

"Kí n tún tẹ̀ ẹ́? Èyí tí mo tẹ̀ lórí fóònù, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé e lọ."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mo ní ti kọ̀ǹpútà kì í gbé nǹkan lọ, kò gbà!"

Haewon ò rẹ́rìn-ín. Ó lè gé ìlà náà wẹ́wẹ́ kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Áàpù ló tún ṣe, kó lè máa wọn kìkì ibi tí ojú ń wò. Ọbẹ̀ ẹja tí ìyá rẹ̀ gbé ka iwájú rẹ̀ tutù.

Ìwé náà ṣí wàrà. Ó fẹ́ gbójú kúrò bó ti ṣèlérí, àmọ́ ojú ti yá jù ú lọ.

*láàárọ̀, ìjì ń bọ̀ lórí òkun. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni kó o wọ̀. Mo ti fi ọsàn tó dùn jù pa mọ́ fún ẹ, ìyá ẹ ò mọ̀*

Ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́sí síwájú ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó kà á pọ̀. Omi lé sí i lójú.

"Ṣé ó ti ṣí?" ni bàbá bi í. Ìwé ìròyìn ti bọ́ sílẹ̀.

"Ó ti ṣí."

"Ó gùn o. Mi ò tíì parí ẹ."

Bàbá bó ọsàn kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bèèrè ọkọ̀ òfuurufú tó máa bá padà.

"Ẹ jẹ́ n kà á tán ná," ni Haewon wí.