Ìbuwọ́lù Mẹ́wàá fún Ẹnjiníà

Àbúrò Ẹnjiníà, tó jẹ́ tíṣà, ló lọ gba fọ́ọ̀mù ìdíje fún ipò kánsẹ́lọ̀ wá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́, láàárín bóòtù, nọ́ọ̀tì àti abẹ́rẹ́ maṣíìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti ń bú kánsẹ́lọ̀ nítorí gọ́tà àdúgbò wa yìí. Ẹ lọ du ipò náà fúnra yín."

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe iléèwé ló fún un lórúkọ yẹn o. Àwọn aránṣọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí maṣíìnì ìránṣọ tó bà jẹ́ tí kò ní wá ìdí rẹ̀ kàn.

"Èmi? Ta ló máa dìbò fún ẹni tí gírísì kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Àwọn tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi ní pálọ̀ wọn ni."

Ọ̀rọ̀ gọ́tà náà kò ṣòro. Páìpù tó gba abẹ́ títì fi ìka mẹ́rin ga ju ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ. Omi á dé ibẹ̀, á dúró, á kún, á wá yà sínú ilé àwọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káńsù ti wá kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan páìpù rí.

Fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ ìbuwọ́lù ará àdúgbò mẹ́wàá, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì káńsù kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó jáde.

Báàgì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Nílé àkọ́kọ́, fáànù ń han. Kò lè fara dà á. Ó tú u, ó kán epo sí i, ó dè é padà. Wọ́n ní eélòó ni, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n buwọ́ lùwé. Nílé kejì, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ló ń há. Nílé kẹta, áyọ́ọ̀nù ni. Nígbà tí tíṣà fi máa bá a lójú ọ̀nà, ọ̀sán ti pọ́n.

"Mẹ́ta péré? Kí lẹ ń ṣe látàárọ̀?"

"Mo bá wọn tún nǹkan díẹ̀ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni."

Tíṣà yí fọ́ọ̀mù náà sẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà. "'Olùdíje kò gbọdọ̀ fún ẹni tó bá buwọ́ lùwé fún un ní ẹ̀bùn, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún un.' Yéè! Ẹ ò tíì wọlé, ẹ ti ń pín rìbá!"

"Rìbá kẹ̀? Epo díẹ̀ tí mo kán sí fáànù?"

"Bí gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ẹnjiníà fa gègé yọ, ó fagi lé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹnu nìkan ni kí ẹ lò báyìí."

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣebí o mọ̀."

"Ẹ sọ ti gọ́tà. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí ẹ dákẹ́ lórí ìyẹn."

Ẹnjiníà lọ mú họ́ọ̀sì róbà gígùn kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀, ó rọ omi sí i. Ó ní kí tíṣà gbé etí kan sí ẹnu páìpù, kí omi inú rẹ̀ bá ẹnu páìpù dọ́gba. Òun gbé etí kejì rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sókè gọ́tà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò wọ́n.

"Ẹ wò ó. Ibi tí omi dé lọ́hùn-ún náà ló dé níbí. Ẹ wá wo bó ṣe ga tó sí ìsàlẹ̀ gọ́tà. Ìka mẹ́rin! Ẹ kó ìdọ̀tí títí ayé, omi yìí ò ní lọ."

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bá ọkọ mi jà pé kì í kó gọ́tà dáadáa!"

"Ṣé o ti gbọ́ báyìí?" Ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn méjèèjì buwọ́ lùwé. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n ti pé mẹ́sàn-án. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù nítòsí ni Bàbá Télọ̀, òun àti Ẹnjiníà kò sì tíì rẹ́rìn-ín síra wọn láti ọdún tó kọjá.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo gba owó àtúnṣe maṣíìnì pé lọ́wọ́ mi, tí o ò yọ nǹkan kan?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mo bẹ̀ ọ́. Mo tiẹ̀ pè ọ́ lọ́mọ mi."

"Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pààrọ̀ irin méjì nínú maṣíìnì yẹn, bàbá."

Tíṣà bá wọn dá sí i. "Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, mi ò rí nǹkan kan fi pariwo." Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó wá awò ojú rẹ̀ kiri, ó buwọ́ lù ú. "Ó kéré tán, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé o ṣe mí lóore. Ṣọ́ owó káńsù bí o ṣe ṣọ́ tìẹ o!"

Wọ́n sáré. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n dé ọ́fíìsì. Akọ̀wé ka orúkọ mẹ́wàá, ó wá fi ìka kan àwọn mẹ́ta tí wọ́n fagi lé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn yìí?"

Tíṣà ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ló dáhùn. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo tún nǹkan ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò mọ̀ pé òfin ò gbà á."

Akọ̀wé gbójú sókè wò ó dáadáa. "Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí o. Mi ò gbọ́ 'èmi ni mo ṣàṣìṣe' lẹ́nu olùdíje kankan rí."

Ó lu òǹtẹ̀ sí fọ́ọ̀mù náà, ó sì fi í sínú fáìlì.