Igi Fúrúùtù Tí Ṣàfíù Fi Sìmẹ́ǹtì Kẹ́

Ẹni tí ò bá mọ igi fúrúùtù iwájú ilé Bàbá Ràbíátù ní Ìdímù, kó má sọ pé òun ti rí igi rí láyé. Igi tó ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ gun orí ẹ̀ máa ń di oúnjẹ ọ̀sán dání. Ibòòji ẹ̀ nìkan, tí oòrùn bá wà láàárín ọ̀run, ó lè tẹ́ láti Ìdímù dé Ìkòtún bí ẹní, kó tún ṣẹ́kù èyí tí wọ́n á ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ta ló ní kò tó bẹ́ẹ̀? Kó lọ wọ̀n ọ́n. Kò ní rí nǹkan kan wọ̀n ṣá, torí igi náà ò sí níbẹ̀ mọ́, ohun tó sì fà á nìyí.

Bàbá Ràbíátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni abẹ́ igi yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ni ín bí èèyàn ṣe ń ni ilé o. Ayálégbé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà tí ojú wọn méjèèjì ti fọ́, bẹ́ǹṣì abẹ́ igi yẹn ni pálọ̀ wọn, òun ni mọ́ṣáláṣí wọn, òun náà ni tẹlifíṣọ̀n wọn. Yàrá tí wọ́n ń sùn gangan, páánù orí ẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé tí ọ̀sán bá pọ́n, búrẹ́dì lè jinná lórí ẹní. Bàbá ti dákú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì pe ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ má fi bàbá yìí sínú ilé lọ́sàn-án mọ́ o, ẹ̀ẹ̀kẹta lè má dáa. Ilé Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti wó, kò síbi tí wọ́n fẹ́ padà sí. Nítorí náà, gbogbo àárọ̀, Ṣàfíù ọmọ wọn á fà wọ́n lọ́wọ́, ìṣísẹ̀ méjìdínlógún láti ẹnu ọ̀nà dé bẹ́ǹṣì. Bàbá á jókòó, wọ́n á gbá ara igi pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

Igi náà á sì dá wọn lóhùn. Tí ewé bá dún ṣà-ṣà, afẹ́fẹ́ lásán ni. Tó bá dún wùù, òjò ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, oòrùn ń ràn bí iná gáàsì, bàbá ní kí obìnrin kan sáré lọ ká aṣọ ẹ̀ lórí okùn. Obìnrin náà la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Kó tó pa á dé, òjò ti kún un.

Ṣàfíù ní tiẹ̀, bíríkìlà ni. Kì í sì í ṣe bíríkìlà kékeré, bó ṣe máa ń fẹnu ara ẹ̀ wí. Ìńtàlọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, òkúta sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tò sílẹ̀ gbagidi bí eyín. Ó ní tí òun bá to ìńtàlọ́ọ̀kì sí àgbàlá, aáyán fúnra ẹ̀ á bọ́ bàtà kó tó wọlé. Kò sí àgbàlá kan ládùúgbò náà tí ọwọ́ ẹ̀ ò kàn. Ilé mẹ́tàlélógún, ó bò wọ́n pátápátá, koríko dàwátì.

"Ẹrẹ̀ ò sí ládùúgbò wa mọ́," á lu àyà gbì. "Èmi ni mo lé e lọ. Ẹrẹ̀ Ìdímù, ta ló tún rí i?"

Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Àlàájì Múrítàlá ni alága wọn, ọkùnrin tí ikùn ẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ dé ìpàdé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dìde, ó ní àwọn fẹ́ ṣe ọjọ́ ìtọ́jú àyíká, àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo bí àdúgbò ṣe mọ́ tó, igi fúrúùtù yìí sì ń da ewé dí gọ́tà. Èso ẹ̀ ti já lu gíláàsì mọ́tò òun. Kí wọ́n gé e, kó tán.

Ṣàfíù tó wà lẹ́nu ọ̀nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Bàbá mi ò níbòmíì tí wọ́n ń jókòó."

"Ṣé bàbá ẹ ló máa bá mi kó ewé nínú gọ́tà ni?"

"Èmi ni màá kó o. Ẹ fún mi lóṣù kan péré. Màá ṣe ìdí igi yẹn lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé tí ìyàwó yín bá rí i, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e wá sí pálọ̀."

Ilé pa ẹ̀rín. Àlàájì náà rẹ́rìn-ín, ikùn ẹ̀ sì rẹ́rìn-ín pẹ́ jù ú lọ.

"Oṣù kan. Tí ibẹ̀ bá ṣì dọ̀tí, ẹni tó ni sóò ìgégi á dé."

Ìdí nìyẹn tí Ṣàfíù fi dojú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé kọ igi. Ó gbẹ́lẹ̀ yí i ká. Gbòǹgbò tó yọrí sókè, ó fi àáké gé e kí ilẹ̀ lè tẹ́jú. Ó ń da yanrìn, ó ń po sìmẹ́ǹtì, ó ń súfèé. Ibẹ̀ ni Tíṣà Ọmọ́wùnmí bá a. Ará Èkìtì ni, ilé kejì ló ń gbé, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́.

"Ṣàfíù, kí lò ń ṣe fún igi yìí?"

"Mò ń kẹ́ ẹ ni, Tíṣà. Ìgbà wo lẹ ti rí igi tó wọ bàtà rí?"

"Kò fẹ́ bàtà. Ìdí ló fi ń mumi, ìdí náà ló fi ń mí. Fi erùpẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ewé tó bá já, gbá a jọ, dà á padà sídìí ẹ̀ kó jẹrà, oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn, gọ́tà náà á sì sinmi. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, korobá omi kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìgbálẹ̀ àti korobá? Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé ìgbálẹ̀ ni àwọn àlejò Àlàájì máa wá bá ya fọ́tò?"

"Kí ló wà nínú gálọ́ọ̀nù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn?"

"Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò tán, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti gbà á. Ìkán ń yọjú síbẹ̀. Tí mo bá ti da méjì yìí sí i, ìkán tó bá tún débẹ̀, ìran ẹ̀ á ròyìn."

"Jọ̀ọ́, má da ọ́ìlì sílẹ̀ yẹn, Ṣàfíù."

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ A, B, D. Èmi ni mo mọ sìmẹ́ǹtì."

Tíṣà wo ojú ẹ̀, ó wo igi, ó kọjá lọ. Ṣàfíù da gálọ́ọ̀nù méjèèjì tán, ó gbọn ìṣẹ́kù ẹ̀ sí i.

Nígbà tó parí, ọba kan ì bá jókòó síbẹ̀. Ó mọ ìjókòó róbótó yí igi ká, ó lẹ táìlì mọ́ ọn, ó kun ara igi lọ́dà funfun dé àyà, ó sì to ìńtàlọ́ọ̀kì mọ́ èèpo igi gẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ ò lè gbàárín wọn kọjá. Èèyàn wá láti Òkè-Odò wá wò ó. Lọ́jọ́ àyíká, wọ́n ta bánà tí wọ́n kọ̀rọ̀ sí sára ẹ̀, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án. Àwọn àlejò mu máòtì, wọ́n sọ̀rọ̀ pé ká fẹ́ràn igi, ká fẹ́ràn koríko, wọ́n sì ju agolo máòtì sí gọ́tà. Àlàájì gbé ọwọ́ lé èjìká Ṣàfíù níwájú fọ́tò.

"Igi yìí ti di ti àdúgbò," ó kéde. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni."

Orí Ṣàfíù wú débi pé fìlà ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ó lọ jókòó ti bàbá ẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́? Wọn ò gé e mọ́. Ó dáa àbí kò dáa?"

"Wọ́n ní ó dáa." Bàbá ń fọwọ́ pa táìlì. "Ìdí mi ń gbóná ṣá." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Òjò rọ̀ lánàá, Ṣàfíù. N ò gbọ́ òórùn ilẹ̀."

"Ilẹ̀ tó mọ́ kì í rùn, Bàbá."

Bàbá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá erùpẹ̀ lórí ìńtàlọ́ọ̀kì.

Oṣù keje dé, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀rọ omi ọ̀run ní ṣíṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá gbé etí sókè.

"Ṣé ọyẹ́ ti dé ni?"

"Ọyẹ́ kẹ̀? Oṣù keje la wà, Bàbá."

"Ewé ń dún bíi bébà."

Ṣàfíù wòkè. Ewé igi náà ti pọ́n, ó ti wé, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Ewé tuntun ló fẹ́ yọ," ó wí. "Èyí tó ti gbó ló ń kúrò lọ́nà."

"Ṣàfíù, etí ni mo fi ń ríran. Máa rọra parọ́ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ yẹn, ó pọn omi. Korobá ogún, ọgbọ̀n, ó pọn án débi pé kànga fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ń dà á sídìí igi. Omi náà ń gba orí ìńtàlọ́ọ̀kì kọjá bí àlejò tí wọn ò ní kó jókòó, ó ń wọ gọ́tà lọ. Ẹ̀kán kan ò wọlẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa jù. Àléébù ẹ̀ ò jùyẹn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó bá gbé hámà ńlá. Ó fọ́ táìlì, ó fọ́ ìjókòó, ó ń hú ìńtàlọ́ọ̀kì níkọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà mìíràn ni ì bá tò ó, wákàtí kan ni ì bá fi fọ́ ọ. Tiẹ̀ gbà á láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà gbẹ bíi gààrí, ó dúdú, ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ó fa gbòǹgbò kan, èèpo ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀.

Ó lọ pe Tíṣà Ọmọ́wùnmí. Tíṣà fi èékánná họ ara igi, inú ẹ̀ pọ́n bíi tábà. Ó gun orí sìmẹ́ǹtì tó fọ́, ó họ ibi tó ga díẹ̀. Tábà náà ni.

Kò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún ẹ?" Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn.

"Ó ti lọ, Ṣàfíù."

Ẹnu Àlàájì kan náà tó ní èmi àti ẹ̀ ni, òun ló tún ní igi gbígbẹ lè wó pa èèyàn. Ẹni tó ni sóò dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bàbá ní àwọn ò ní wọlé, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ewé gbígbẹ ń já lé wọn lórí. Igi tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Ṣàfíù, kí tíì tó gbóná fún ẹni tó ń mu ún, ó ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ariwo dákẹ́, bàbá ní kí wọ́n mú òun débẹ̀. Wọ́n wá ara igi lókè, ọwọ́ wọn bọ́ sófìfo. Wọ́n tún wá a nísàlẹ̀, wọ́n bá kùkùté. Wọ́n gbá a pẹ́pẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ṣàfíù rí èso fúrúùtù kan nínú gọ́tà tó ti hù, ewé méjì lórí ẹ̀. Ó gbìn ín sínú korobá ọ̀dà tó ṣófo, Tíṣà, tí ìńtàlọ́ọ̀kì ti bo àgbàlá tiẹ̀ náà, fún un ní erùpẹ̀ nínú ìkòkò òdòdó ẹ̀. Ìdí kùkùté ò ṣeé gbìn ín sí. Ọ́ìlì ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, Àlàájì sì ti ní mọ́tò òun ni yóò máa dúró síbẹ̀. Ṣàfíù wá gbé korobá náà, ó ń kanlẹ̀kùn kiri. Kí wọ́n ṣáà fún òun ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan.

"Níbo ni ilẹ̀ wà?" obìnrin ilé àkọ́kọ́ bi í. "Ṣebí ìwọ lo ní kí n bò ó?"

"Mo lè hú mẹ́rin péré níbẹ̀, Mà."

"Kí ẹrẹ̀ padà wọ pálọ̀ mi? Ìwọ kọ́ lo ní o ti lé e lọ?"

Ilé tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀. Bàbá ilé kẹsàn-án tilẹ̀ yìn ín: "Iṣẹ́ ẹ dáa, Ṣàfíù. Láti ọdún mẹ́rin, kò lanu." Ó kan ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Ibi gbogbo tó fi ojú wò, ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń rí nílẹ̀, gbagidi, gbagidi, dé ìpẹ̀kun àdúgbò.

Nígbà tó délé, ọ̀sán ti pọ́n. Bàbá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn jókòó lé wọn lórí, aṣọ wọn ti rin fún òógùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Inú ààrò yẹn? Jẹ́ n wà níbí."

Ṣàfíù gbé korobá náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń sún un síwá, ó ń sún un sẹ́yìn, títí ibòòji ewé méjì náà fi bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn. Ó bo àtàǹpàkò kan, kò bo èékánná ẹ̀ tán.

"Ibòòji ti dé, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

Bàbá ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Mo mọ̀ ọ́n lára," wọ́n ní. "Ó tutù."