Irin Tí Imú Rẹ̀ Ti Jẹ

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí nígbà náà, mo sì ní mọ́tò eré, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kẹ́ ẹ rín in náà, èmi fúnra mi ń rín in. Pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó Ítálì kan tó ń padà sílé. Nígbà tí Bàbá kú, ó di tèmi. Bí mo bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ìdí mi á kọ́kọ́ wọlé, orí á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti lè sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ rọra."

Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá dé ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ta-ta-ta bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Agbára rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì yà mí sílẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn wò mí!

Olúwarótìmí, àkọ́bí mi, wá bá mi lọ́jọ́ Ajé.

"Mọ́mì, mo ti bá àwọn tó ń ra àlòkù irin sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Bí mọ́tò yìí ò bá lè ti Agége dé Allen kó sì padà láìkú sójú ọ̀nà, wọ́n á gbé e."

Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi kóòtù ọ́fíìsì tì mí délé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jiyàn?

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Dàwódù lẹ́yìn ojú irin. Òun ni mẹkáníìkì wa láti ìgbà ayé Bàbá. Rótìmí ti ń sọ káàkiri pé Dàwódù ló ba mọ́tò náà jẹ́.

"Màmá, tápẹ́ẹ̀tì yìí ló ń ké ta-ta-ta; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fún un pọ̀ lóṣù yìí," Dàwódù wí. "Bí mo bá fún un, lọ́sẹ̀ kejì àyè á tún ṣí. Kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é. Ohun tó ń tì í ló ń tán lọ."

"Sọ ọ́ kó yé arúgbó."

Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó fi irin gígùn kan hàn mí. Kámúṣáàfù ni wọ́n ń pè é. Imú mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí ẹyin; ṣóńṣó wọn ló ń ti fáàfù, ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì, ṣí kó lè mí.

"Ẹ fi èékánná họ ọ́ wò."

Ti àkọ́kọ́ dán bí orí ọmọ titun. Ìkẹta há èékánná mi bí ojú irin tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti lọ pátápátá.

"Ó ti rí pẹrẹsẹ bí imú tèmi!" ni mo wí.

Dàwódù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé àgbà ni mí, ó bá wúkọ́.

"Ọ́ìlì ni kò dé ibẹ̀," ó wí. Ó ki wáyà bọ ihò tó ń gbé ọ́ìlì wá, ó fa nǹkan kan jáde, ó pọ́n, ó ń fà bí oje igi. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ òórùn náà.

Aláàdúrà ni mí. Wòlíì wa gbàdúrà sí òróró ólífì fún mi láti fi pa orókún, orókún sì san. Mo wá rò ó pé ohun tó wo orókún arúgbó sàn, kí ni ẹ́ńjìnnì jẹ́ níwájú rẹ̀? Bí ìsìn Sọ́ńdè bá ti parí, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn mi, láìwọ bàtà, mo máa ń ṣí ìdérí ọ́ìlì, mo máa ń da ìgò kékeré kan sí i, mo sì máa ń ka Sáàmù lé e lórí. Oṣù mẹ́jọ gbáko!

Mo lè pa ẹnu mọ́. Rótìmí ti rí ẹni tó máa bá wí. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ Dàwódù tó dúdú fún ọ́ìlì, ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́.

Ó jókòó sórí táyà kan. "Màmá! Ṣe ẹ ń dín ẹ́ńjìnnì ni? Bí àkàrà?"

A rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

Kò sí irú irin náà ní gbogbo Èkó, a ti wá a tì. Dàwódù gbé e lọ sọ́dọ̀ Fàúsát, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin. Obìnrin náà jó irin tuntun kún imú kẹta, ó wá ń lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi páálí tó gé mọ́ ara imú tó dáa wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó lọ̀ ọ́ kọjá ìwọ̀n.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, Màmá," Fàúsát wí.

"Tún un jó. Mi ò lọ síbì kankan."

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ń jẹ búrẹ́dì, mo ń wo páálí yẹn bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Ọ̀sán Fúráìdé ló tó bá a mu rẹ́gí. Dàwódù ní tirẹ̀ ti fi wáyà àti kẹrosíìnì fọ gbogbo ihò. Èmi náà ki ọwọ́ bọ kẹrosíìnì náà títí dé ìgúnpá, a sì to irin náà padà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, Rótìmí dé pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn onírin. Ó kọjú sí Dàwódù: "Bọ̀dá, ẹ ti ba mọ́tò bàbá mi—"

"Pa ẹnu dé," ni mo wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Òróró àdúrà ni mo ń dà sí i. Bẹ̀ ẹ́, kó o sì wọ mọ́tò."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ iná. Kò sí ta-ta-ta. Lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò tó yó. A dé Allen, a yí po. Nígbà tá à ń bọ̀, mo ya ọlọ́kadà méjì sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ rọra!"

Mi ò gbọ́.

Àwọn onírin gbé ọkọ̀ òfìfo lọ. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n kàn wo ojú ibẹ̀ ni o, ìgò wà lọ́wọ́ mi lásán ni. Àgádágodo ni mo bá lórí ìdérí ọ́ìlì. Ọ̀dọ̀ Dàwódù ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Mo fi òróró náà pa orókún mi, mo wa mọ́tò mi lọ sílé.