Ọwọ́ Tó Yọ̀

"Mà, ṣé ipá kan náà ló ń fa èèyàn àti òkúta sílẹ̀?"

Adétóun ló béèrè, láti ìjókòó iwájú. Wàsílátù, olùkọ́ físíìsì wọn nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Afà, dúró tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn opó nìyí. Hàkímù ọkọ rẹ̀, tó máa ń kun ilé, já bọ́ láti òkè ilé alájà kan ní Àìlégún, ó sì kú.

"Ipá kan náà ni," ó ní. "Òòfà ilẹ̀ kì í fọwọ́ kan nǹkan kó tó fà á."

Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ó wá kọ irú kejì, èyí tó gbọ́dọ̀ fara kan nǹkan: kéèyàn fà á, kéèyàn tì í, àti fúríkíṣọ̀n, ìyẹn bí ara nǹkan méjì ṣe ń di ara wọn mú kí wọ́n má bàa yọ̀.

"Tí ara wọn bá tutù ńkọ́, mà?"

"Omi ni o, epo ni o, ọ̀dà ni o, wọ́n á yọ̀. Bó ti wù kéèyàn dì í mú tó..."

Kò lè parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sherifdeen ló sọ sí i lọ́kàn. Òun àti Hàkímù ni wọ́n jọ ń kun ilé náà. Nígbà tí pákó tí wọ́n dúró lé dá, Sherifdeen rọ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó fi ọwọ́ kejì gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, àmọ́ ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ó jù ú sílẹ̀ kóun má bàa bá a lọ ni," ni ìyá Hàkímù ń sọ kiri. Wàsílátù náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Wàsílátù tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Mà, ẹ ń sunkún."

"Ẹ máa dà á kọ, ẹ̀yin ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n jáde iléèwé, kò lọ sílé. Ìsọlọ̀ ló gbà lọ, sí yàrá tí Sherifdeen háyà. Ó bá a níta lórí bẹ́ńṣì. Apá rẹ̀ ọ̀tún rọ jọwọrọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì lè fi gbé ife omi.

Bó ṣe rí i, omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìyá Bàlíkísù, mi ò jù ú sílẹ̀. Mo dì í mú títí apá mi fi yẹ̀. Ọ̀dà ló wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

"Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Ẹ má bínú sí mi." Ó jókòó tì í. "Kí ni Hàkímù sọ kó tó bọ́?"

"Ó ní, 'Ṣẹ̀rífù, má jẹ́ n bọ́ o.'"

Ẹkún tí Wàsílátù kò rí sun nílé opó, ibẹ̀ ló ti sun ún, lójú gbogbo ará ilé. Nígbà tó ṣe, ó fi ìbòrí nujú, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ìyá ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi."

"Tí wọ́n bá lé mi jáde ńkọ́?"

"Wọ́n á lé àwa méjèèjì ni."

Sherifdeen na ọwọ́ òsì sábẹ́ bẹ́ńṣì, ó ń wá bàtà rẹ̀. Wàsílátù dúró dè é.